Àwọn Panápaná Orí Òkìtì: Àwọn Ajubọ́ọ̀lù Arọ́pò Tó Lórúkọ Jù Lọ ní Fásitì Texas

Pápá ìṣeré kan wà ní ìlú Austin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Disch-Falk. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, orúkọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àtijọ́ méjì, Billy Disch àti Bibb Falk, ni wọ́n sì pa pọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Texas ti máa ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Longhorns ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, ìyẹn àwọn màlúù oníwo gígùn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹgbẹ́ yìí ti gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo fásitì Amẹ́ríkà: ní ọdún 1949, 1950, 1975, 1983, 2002 àti 2005. Títí di ọdún 2022, ìgbà 38 ni wọ́n ti yege débi ìdíje àṣekágbá, èyí tí í máa wáyé ní ìlú Omaha láti ọdún 1950 wá, kò sì sí fásitì mìíràn tó débẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn akọni tó ti ibẹ̀ jáde, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Roger Clemens wà lára wọn, Burt Hooton náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo bí àwọn ife-ẹ̀yẹ tó kẹ́yìn ṣe wọlé, yóò rí i pé ọwọ́ àwọn tó ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tán, tí gbogbo ara sì ti ń gbọ̀n, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà kọjá.

Bésíbọ́ọ̀lù kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ó yẹ kí àlàyé díẹ̀ ṣáájú. Ènìyàn mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá. Ẹgbẹ́ kan yóò máa ju bọ́ọ̀lù, èkejì yóò máa fi igi lù ú. Ajubọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6 sì ni ó wà láàárín òun àti ibi tí alùbọ́ọ̀lù dúró sí. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta tí alùbọ́ọ̀lù kò rí i lù, alùbọ́ọ̀lù náà ti kú nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń wí nínú eré tiwọn. Bí mẹ́ta bá kú, ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pààrọ̀ iṣẹ́. Alùbọ́ọ̀lù tó bá sáré yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po tó sì padà sílé láìkú ni ó gba àmì ayò kan wálé. Abala mẹ́sàn-án ni eré náà ní. Bí ọ̀mì bá wà lẹ́yìn abala kẹsàn-án, wọn yóò máa bá a lọ títí ẹnì kan yóò fi borí, ì báà di òru.

Apá kì í ṣe irin. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré yóò rẹ̀, àwọn alùbọ́ọ̀lù yóò sì ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ìgbà yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò rìn lọ sórí òkìtì, yóò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ké sí arọ́pò. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ kò gbọdọ̀ padà wọlé mọ́ ní ọjọ́ náà. Arọ́pò tó ń bọ̀ kì í sábà bá ilé nínú àlàáfíà. Ó lè bá ọ̀tá mẹ́ta lórí ibùdó mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ pé àmì ayò kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń léwájú. Abájọ tí àwọn àgbà eré náà fi ń pè é ní panápaná. Bí ó bá pa iná náà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí, wọn yóò kọ ìdóòlà kan sílẹ̀ fún un. Oníròyìn eré ìdárayá kan ní Chicago, Jerome Holtzman, ni ó sọ ìṣirò ìdóòlà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò, ọdún 1969 sì ni líìgì ńlá àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gbà á wọlé sínú òfin. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá parí eré ni í gbà á. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà á, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí arọ́pò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi àmì ayò mẹ́ta tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ léwájú, kí ó ju odidi abala kan ó kéré tán, kí ó sì dúró títí eré yóò fi parí pẹ̀lú ìṣẹ́gun.

Ní ayé Cliff Gustafson, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Texas láti ọdún 1968 títí di 1996, iṣẹ́ arọ́pò kò tí ì dá dúró gedegbe. Ajubọ́ọ̀lù tó bá dára jù lè bẹ̀rẹ̀ eré lónìí, kí wọ́n sì tún ké sí i lọ́túnla láti wá pa iná. Greg Swindell, ọlọ́wọ́ òsì tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti 1984 sí 1986, ṣe méjèèjì, ìṣẹ́gun 43 ni wọ́n sì kọ sí orúkọ rẹ̀. Òun ni ẹnì kejì tí wọ́n mú nínú gbogbo ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yàn ní 1986. Nígbà tí ó dàgbà nínú iṣẹ́ náà, arọ́pò ni ó wá dà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Arizona Diamondbacks tó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá ní ọdún 2001.

Ìtàn Calvin Schiraldi ni ó fi hàn bí iṣẹ́ yìí ṣe lè korò tó. Ní Texas, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ni, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní Omaha ní 1983, nígbà tí òun àti Clemens jọ gba ife-ẹ̀yẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn méjèèjì tún pàdé nínú ẹgbẹ́ Boston Red Sox, ṣùgbọ́n Schiraldi ti di apaná. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1986, nínú eré kẹfà ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú New York Mets, Clemens ni ó bẹ̀rẹ̀ eré. Schiraldi wọlé lẹ́yìn rẹ̀, Boston sì ń léwájú ní abala kẹwàá, ó ku díẹ̀ kí ife-ẹ̀yẹ tí wọn kò gbà láti ọdún 1918 bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mets dá a padà, wọ́n borí pẹ̀lú 6-5. Schiraldi ni wọ́n kọ ìjákulẹ̀ ọjọ́ náà sí lọ́rùn, òun náà ni wọ́n sì kọ ti eré keje sí lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ arọ́pò rí: ẹni tó bá pa iná ní ìgbà 30, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ilé jó ni aráyé máa ń rántí.

Augie Garrido ni ó wá sọ ipò yìí di ipò ọlá ní Austin. Ọmọ California ni, ó ti gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́ta fún Cal State Fullerton kí ó tó dé Texas fún sáà 1997. Ọdún karùn-ún rẹ̀ níbẹ̀ ti kọjá kí ó tó rí ife kẹrin, ọmọkùnrin tó sì bá a dì í mú ṣinṣin kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún.

Huston Street ni orúkọ ọmọ náà. Austin ni wọ́n ti bí i ní 1983, kò sì sí ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ní ìlú náà. James Street ni ó darí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin Texas lọ gba ife-ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà ní sáà 1969. Ìgbà 20 ni ó bẹ̀rẹ̀ eré gẹ́gẹ́ bí adarí ẹgbẹ́ náà, kò pàdánù ẹyọ kan. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, James tún jẹ́ ajubọ́ọ̀lù ní fásitì kan náà, ní 1970 ó sì ju eré kan pẹ̀lú Texas Tech tí alùbọ́ọ̀lù kankan kò fi dé orí ibùdó rárá. Ẹni bíni là á jọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ bẹ́ẹ̀ lè wúwo lórí ọmọ. Huston kò ga lọ títí, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tó yára jù. Ohun tí ó ní ni bọ́ọ̀lù tó máa ń yọ̀ kúrò níwájú igi ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, àti ọkàn tí kì í sáré.

Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní fásitì ni 2002. Ní Omaha lọ́dún náà, ìdóòlà mẹ́rin ni ó gbà nínú ìdíje kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Texas na South Carolina 12-6 nínú àṣekágbá, àwọn tó ń ṣèdájọ́ sì yan Street, ọmọ ọdún kìíní, ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀ kí arọ́pò gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọdún mẹ́ta ni ó lò ní Texas. Ní ọdún kẹta, 2004, wọ́n tún dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Cal State Fullerton, ilé àtijọ́ Garrido gan-an, ni ó gba ife lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Street fi ń lọ, ìdóòlà 41 ló wà nínú ìwé rẹ̀, èyí tó jẹ́ góńgó ní fásitì náà. Ẹgbẹ́ Oakland Athletics yàn án ní 2004, kò sì pẹ́ rárá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé e sókè. Ní 2005, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín àwọn àgbà, wọ́n yàn án ní ọmọ tuntun tó dára jù lọ ní líìgì Amẹ́ríkà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Colorado, San Diego àti Los Angeles Angels lẹ́yìn náà. Ìdóòlà 324 ni ó fi sílẹ̀ nígbà tí ó parí iṣẹ́ náà ní 2017. Bàbá rẹ̀ rí púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kú ní oṣù kẹsàn-án 2013.

Ọ̀pọ̀ rò pé àlàfo tí Street fi sílẹ̀ kò ní ṣeé dí. J. Brent Cox dí i láàárín ọdún kan. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àárín eré ni wọ́n ń fún un. Ní 2005 wọ́n fà á lé ìparí lọ́wọ́, ìdóòlà 19 ni ó gbà ní sáà kan ṣoṣo, Texas sì na Florida lẹ́ẹ̀mejì ní àṣekágbá, 4-2 àti 6-2, láti gba ife kẹfà. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn bésíbọ́ọ̀lù fásitì bẹ̀rẹ̀ sí í fún arọ́pò tó dára jù lọ lẹ́bùn, Cox ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. New York Yankees yàn án ní ìpele kejì. Kò dé líìgì ńlá. Ìgúnpá rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, sáà 2007 sì kọjá lọ lórí ìtọ́jú. Ẹni tó bá wo ìwé ìṣirò nìkan lè rò pé Cox kò tó Street. Ní Austin, ọ̀pọ̀ tó rí àwọn méjèèjì kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bùn àwọn akọ̀ròyìn yẹn tún padà sí Texas ní 2010, nígbà tí Chance Ruffin kúrò nípò ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré lọ sí ìparí. Òun náà jẹ́ ọmọ ilé: bàbá rẹ̀, Bruce Ruffin, ju bọ́ọ̀lù fún Texas kí ó tó lo ọdún 12 ní líìgì ńlá. Detroit yàn án, wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Seattle ní 2011.

Corey Knebel ni ó tẹ̀ lé e. Ọmọ Georgetown ni, ìlú kan tí kò jìnnà sí Austin. Ní 2011, ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ìdóòlà 19 ni òun náà gbà, ó bá Cox dọ́gba. Ìyàtọ̀ láàárín òun àti Street hàn kedere: Street ń fi ọgbọ́n tan alùbọ́ọ̀lù jẹ, Knebel ń fi agbára lé e kúrò. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ bí ọta, èyí tó sì ń fi tẹ̀ lé e máa ń já lulẹ̀ bí òkúta tó bọ́ lórí òrùlé. Detroit yàn án ní 2013, ó dé líìgì ńlá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọdún rẹ̀ tó ga jù ni 2017, pẹ̀lú Milwaukee Brewers: ìdóòlà 39, wọ́n sì pè é sínú àwọn ìràwọ̀ líìgì. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé nínú eré 45 àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ lọ́dún náà, kò sí ọ̀kan tí kò ti fi bọ́ọ̀lù pa ó kéré tán alùbọ́ọ̀lù kan. Ìgúnpá dá òun náà dúró. Gbogbo sáà 2019 ni ó fi jókòó.

Texas kò rí irú wọn fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Garrido fi ipò sílẹ̀ ní 2016, ó sì kú ní oṣù kẹta 2018. Ní 2025, ọdún tí Texas kọ́kọ́ gbá nínú líìgì tuntun, SEC, ọmọ ọdún kìíní kan, Dylan Volantis, ọlọ́wọ́ òsì, gba ìdóòlà 12. Wọ́n yàn án ní ọmọ tuntun tó dára jù lọ ní líìgì náà, Texas sì gba ife líìgì ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ fásitì San Antonio, UTSA, ni ó lé wọn kúrò nínú ìdíje ńlá nílé ara wọn.

Ó ku ẹnì kan tí ìwé ìdóòlà kò lè sọ ìtàn rẹ̀. Ní alẹ́ tí ó di olókìkí, wọn kò kọ ìdóòlà fún un, wọn kò sì kọ ìṣẹ́gun fún un pẹ̀lú.

Austin Wood ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun náà, ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ ní fásitì ni 2009. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, Texas gbàlejò Boston College ní Disch-Falk. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Wood ti ju abala méjì. Ní abala keje ọjọ́ kejì yìí, Garrido tún ké sí i. 2-2 ni wọ́n wà nígbà tí abala kẹsàn-án parí, eré náà kò sì parí. Wood padà sórí òkìtì ní abala kẹwàá. Ó padà ní kọkànlá. Ó padà ní kejìlá. Arọ́pò a máa ju bọ́ọ̀lù bí 15 sí 25 kí wọ́n tó mú un kúrò. Wood ti kọjá 100, kò sì sí alùbọ́ọ̀lù Boston kan tó tí ì fi igi kan bọ́ọ̀lù rẹ̀ débi pé yóò fi dé ibùdó. Abala 12 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó fi rí bẹ́ẹ̀, èyí tó ju odidi eré kan lọ. Abala 13 ni ó ju lápapọ̀. Alùbọ́ọ̀lù 14 ni ó fi bọ́ọ̀lù pa, méjì péré ni wọ́n lù tó dára, àmì ayò kankan kò sì wọlé. Bọ́ọ̀lù tí ó jù jẹ́ 169.

Bí abala kọ̀ọ̀kan bá ti parí, Garrido àti Skip Johnson, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ajubọ́ọ̀lù, máa ń bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ pé rárá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Boston College ní arọ́pò tiwọn, Mike Belfiore, tó ju abala mẹ́sàn-án àti ìdá méjì nínú mẹ́ta láìjẹ́ kí Texas gba ohunkóhun. Àwọn méjèèjì lọ tán, eré náà kò tí ì tán. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ni Travis Tucker lu bọ́ọ̀lù tó mú àmì ayò kẹta wálé fún Texas ní abala kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wákàtí méje àti ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi gbá a. Kò tí ì sí eré tó gùn tó o nínú ìtàn bésíbọ́ọ̀lù àwọn fásitì Amẹ́ríkà.

Texas ti ibẹ̀ lọ sí Omaha, wọ́n dé àṣekágbá, LSU sì borí wọn. Detroit yan Wood ní ìpele karùn-ún lọ́dún náà. Kò pẹ́ tí èjìká rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì dé líìgì ńlá. Àríyànjiyàn kò tán lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn kan ní kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó yẹ kí ó fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́, nítorí pé kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé ó rẹ òun lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àgbà ni Wood, ó mọ ara rẹ̀, èjìká ajubọ́ọ̀lù sì lè bàjẹ́ láìju bọ́ọ̀lù 169 ní alẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣáájú wúwo ju ti àwọn kejì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé alẹ́ yẹn gan-an ni ó ba èjìká náà jẹ́. Ti Belfiore, eré kan ṣoṣo ni ó gbá ní líìgì ńlá, fún Baltimore, ní 2013.

Ní ọdún 2014, líìgì ńlá àti àwọn tó ń darí bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Pitch Smart, láti dáàbò bo apá àwọn ọ̀dọ́. Fún ẹni tó wà láàárín ọdún 19 sí 22, bọ́ọ̀lù 120 lóòjọ́ ni òpin tí wọ́n fi sí i. Ìmọ̀ràn lásán ni, kò sí òfin tó fi dandan mú àwọn fásitì láti tẹ̀ lé e.